Ta Ló Ni Ìràwọ̀ Tó Ń Rìn Yẹn?

Ẹnikẹ́ni tó bá ń jí ní aago márùn-ún ìdájí láti kó ẹrù lọ sí ọjà Kétu, tàbí láti wọ mọ́tò Àjàṣẹ́, yóò ti rí i rí. Ojú ọ̀run ṣì dúdú, ìràwọ̀ ṣì pọ̀ lókè, ọ̀kan nínú wọn á ṣàdédé máa rìn. Kì í ṣẹ́jú bí iná ọkọ̀ òfurufú, kì í pariwo, kì í sì í já wálẹ̀ fìrì bí ìràwọ̀ tó ń já. Ó kàn ń lọ jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀, kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé ó ti wọ̀. Ìyá kan tó ń ta gàrí, tí a jọ dúró de mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ kan, nawọ́ sí ọ̀kan, ó ní: “Ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìròyìn, ta ló ni nǹkan yìí?”

A dáhùn pé sátẹ́láìtì ni, ìyá. Ó ní òun mọ̀ pé sátẹ́láìtì ni, ọmọ òun ti fi han òun lórí fóònù. Ohun tí òun ń bèèrè ni ẹni tó ni ín, àti ohun tó ń wá lórí oko wa. A ò rí èsì kankan fún un. Ìbéèrè yẹn la gbé kiri títí tí a fi kọ èyí.

Kí ẹ má rò pé ìbéèrè aláìmọ̀kan ni. Àwọn kan wà ní ayé yìí, olùkọ́ ilé ìwé, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, onímọ̀ iná mànàmáná, tó jẹ́ pé ìbéèrè ìyá yìí gan-an ni wọ́n ń wá ìdáhùn sí lálaalẹ́. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Ojú, aago, rédíò àti bébà ni irinṣẹ́ wọn. Wọ́n ti tú àṣírí tí àwọn ìjọba ńlá fi pamọ́, wọ́n sì ti rí ohun tó sọnù tí àwọn tó ni ín ti gbàgbé.

Lóòótọ́, ẹni tó bá gbé nǹkan lọ sí òfurufú gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àdéhùn àgbáyé kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1976 ló sọ bẹ́ẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló sì ń tọ́jú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ ọ̀hún dà bí ìgbà tí oníṣòwò kan bá kọ “ẹrù” sí ara àpótí rẹ̀ ní bodè, tí kò sọ bóyá aṣọ ni tàbí ọtí. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ní àkójọ tiwọn, èyí tí wọ́n fi ń sọ fún gbogbo ayé ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sátẹ́láìtì wà. Tó bá wá kan sátẹ́láìtì amí tiwọn fúnra wọn, wọ́n á fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Orúkọ wà níbẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà kò sí níbẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Ẹni tó wò ó lálẹ́ kan ṣoṣo ló máa rò bẹ́ẹ̀; ẹni tó bá wò ó fún ọjọ́ mélòó kan yóò rí i pé oníkálukú ló ní ọ̀nà tirẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí àwọn olùṣọ́ ọ̀run wọ̀nyí ń lò kò ju ìyẹn lọ: wíwò lọ́pọ̀ alẹ́, àti kíkọ àkókò sílẹ̀ láìṣe àbọ̀dé.

Iṣẹ́ náà kò pẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ gòkè. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1957 ni Rọ́ṣíà, tí à ń pè ní Soviet nígbà náà, gbé Sputnik lọ sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fred Whipple ní Amẹ́ríkà ti ṣètò àwọn ará ìlú sílẹ̀ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, lábẹ́ ètò kan tí wọ́n pè ní Moonwatch. Àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn á jókòó sí ìlà kan ní alẹ́, kálukú á kọjú awò kékeré rẹ̀ sí ibì kan lójú ọ̀run, ẹni tí nǹkan náà bá gba ojú awò tirẹ̀ kọjá á kígbe, wọ́n á kọ àkókò sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1962, àwọn ará Moonwatch ní ìlú Milwaukee rí Sputnik 4 bó ṣe ń jóná bọ̀ wálẹ̀. Wọ́n rí èkúfọ́ irin rẹ̀ kan, tó wúwo tó bíi kílò mẹ́sàn-án, láàárín títì ní ìlú Manitowoc tí kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ rí irin náà rò pé pàǹtí ilé iṣẹ́ ayọ́rin ni.

Sputnik 4 yìí kan náà ló bí ìtàn tó wù wá jù nínú gbogbo èyí tí a kà. Ní 1960, ní ilé ìwé Kettering Grammar School nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Geoffrey Perry ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ wọn ní kẹ́mísírì, Derek Slater, fẹ́ràn rédíò púpọ̀, ó sì mọ bí a ti ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì lórí rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn Sputnik 4, Perry sì rí i pé ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ẹ̀kọ́ wo? Ẹ dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà kí zémidjan kan máa bọ̀ tó ń fọn fèrè láìdáwọ́ dúró. Bó ṣe ń bọ̀, ohùn fèrè náà ga tín-ín-rín. Bó bá ti kọjá yín tán, ohùn náà á lọ sílẹ̀. Fèrè kò yí padà, ìrìn ló mú un rí bẹ́ẹ̀. Bí rédíò sátẹ́láìtì ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìṣẹ́jú tí ohùn rẹ̀ bá ń já bọ̀ kíákíá jù ni ìṣẹ́jú tó sún mọ́ yín jù. Ẹni tó bá kọ ìyẹn sílẹ̀ lónìí, tó tún kọ ọ́ lọ́la àti lọ́túnla, yóò mọ iye àkókò tí sátẹ́láìtì fi ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan. Tó bá sì ti mọ àkókò yẹn, ó ti mọ bó ṣe ga tó, nítorí nǹkan tó wà nítòsí ayé ń sáré ju èyí tó wà lókè réré lọ. Èyí tó wà ní nǹkan bíi 400 kìlómítà ń yí ayé po ní ìṣẹ́jú 92 tàbí 93. Èyí tó wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà ń lo ọjọ́ kan gbáko, ìdí nìyẹn tí àwo tẹlifíṣọ̀n lórí òrùlé yín fi lè kọjú sí ibì kan ṣoṣo láti ọdún dé ọdún.

Àwọn ọmọ ilé ìwé Kettering gba iṣẹ́ yìí kanrí. Wọ́n ń gbọ́ sátẹ́láìtì Soviet tí orúkọ wọn ń jẹ́ Kosmos, wọ́n ń kọ wákàtí tí ohùn wọn yọ àti ìgbà tó dákẹ́. Soviet máa ń kéde pé Kosmos kan ti gbéra, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ibi tó ti gbéra àti iṣẹ́ tó bá lọ. Gbogbo ayé gbà pé ibùdó méjì ni Soviet ní fún iṣẹ́ yìí, Baikonur àti Kapustin Yar.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 1966, Kosmos 112 gbéra. Perry àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣírò ọ̀nà rẹ̀, ìṣírò náà kò bá ibùdó méjèèjì mu. Ọ̀nà náà dagun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí yìí ni adùn ọ̀rọ̀ wà. Ẹ fojú inú wo ọ̀nà sátẹ́láìtì bí òrùka ńlá kan tó yí ayé ká. Òrùka náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Ayé ló ń yí nínú rẹ̀, ìyẹn ni sátẹ́láìtì kan náà fi ń kọjá lórí Ṣábẹ̀ẹ́ báyìí, tí yóò sì gba ìwọ̀ oòrùn réré kọjá nígbà mìíràn tó bá tún yí dé. Ní ìṣẹ́jú tí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra, òrùka náà gbọ́dọ̀ ti gba orí ibi tó ti gbéra kọjá. Tí ẹ bá mọ òrùka yẹn dáadáa, ẹ lè da ìṣírò sẹ́yìn, kí ẹ fa ìlà kan sórí máàpù, kí ẹ sì sọ pé orí ìlà yìí ni ibùdó náà wà, ibikíbi tó lè jẹ́. Ìlà kan kò tó, ó gùn jù. Ṣùgbọ́n tí sátẹ́láìtì mìíràn bá tún ti ibẹ̀ gbéra, tí òrùka tirẹ̀ dagun lọ́nà ọ̀tọ̀, ìlà kejì yóò gba orí ti àkọ́kọ́ kọjá. Oríta ibi tí wọ́n ti pàdé ni ilé olóko.

Oṣù Kẹwàá ọdún náà ni ìlà tó ya ọ̀tọ̀ yẹn dé, nígbà tí Kosmos mìíràn gbéra. Àwọn ìlà náà pàdé nínú igbó tútù kan ní àríwá Rọ́ṣíà, nítòsí ìlú tí wọ́n ń pè ní Plesetsk. Kí ọdún 1966 tó parí, Perry ti kéde rẹ̀: Soviet ní ibùdó kẹta tí kò sẹ́ni tó gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Àwọn ọmọ ilé ìwé àti rédíò kan ló tú u fó. Amí Amẹ́ríkà ti mọ ibẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n pa á mọ́ sínú. Soviet fúnra wọn kò jẹ́wọ́ pé Plesetsk wà títí di 1983, ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Perry ní oyè MBE ní 1973. A kò tíì rí olùkọ́ físíìsì wa tí wọ́n fún ní oyè, ṣùgbọ́n àwa mọ èyí tó yẹ nínú wọn.

Àwọn tó ń fi ojú ṣe é ńkọ́? Tiwọn tún rọrùn láti ṣàlàyé. Sátẹ́láìtì kò ní iná tirẹ̀ tó lè tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Oòrùn ló ń tàn sí i lára bí ó ti ń tàn sára òṣùpá. Nítorí náà, ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú níbí ṣùgbọ́n tí oòrùn ṣì ń kan ohun tó wà lókè nìkan la lè rí i, ìyẹn lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ àti ṣáájú àfẹ̀mọ́jú. Olùṣọ́ ọ̀run á dúró sí ibì kan tó mọ̀ lórí máàpù. Ó á wá ìràwọ̀ méjì tó mọ orúkọ wọn. Ìgbà tí sátẹ́láìtì bá gba àárín ìràwọ̀ méjèèjì kọjá, ó á tẹ aago lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ka eré sísá, ó á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gba ìdá mẹ́ta ọ̀nà sí ìràwọ̀ ti òkè. Ìyẹn ti tó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí kan. Ẹ̀rí mélòó kan láti ọwọ́ ènìyàn mélòó kan ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti tó láti fi rí òrùka náà.

Ibi tó ti le ni àkókò. Sátẹ́láìtì tó wà nítòsí ayé ń sáré ju kìlómítà méje lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń gbà, yóò ti Kútọnu dé Malanville kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ máa ń sùn sínú mọ́tò lọ́nà yẹn, ẹ gbọ́. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe àṣìṣe ti fi ju kìlómítà méje ṣìnà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń ka àkókò dé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá.

Báyìí ni wọ́n ṣe rí ọkọ̀ òfurufú àṣírí X-37B. Oṣù Kẹrin 2010 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà gbé e lọ sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn ò sì sọ ibi tó wà. Nígbà tí oṣù Karùn-ún yóò fi parí, Ted Molczan ní Kánádà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i, wọ́n ti ṣírò ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì ti jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀.

Àwọn kan ń bínú sí wọn nítorí irú èyí. Wọ́n ní àṣírí ìjọba kì í ṣe ohun tí ará ìlú ń tú. A ti rò ó síwá sẹ́yìn, a ò rí ọgbọ́n tó wà nínú ìbínú náà. Rọ́ṣíà ní ẹ̀rọ tó ń wo òfurufú, Ṣáínà ní, Amẹ́ríkà ní. Àwọn tó yẹ kí wọ́n fi nǹkan náà pamọ́ fún ti mọ̀ tipẹ́. Àwa tí nǹkan náà ń gba orí oko wa kọjá la ò mọ̀.

Nígbà mìíràn, olóhun fúnra rẹ̀ ló máa ń jàǹfààní. NASA, iléeṣẹ́ òfurufú Amẹ́ríkà, gbé sátẹ́láìtì kan tó ń jẹ́ IMAGE lọ sókè ní oṣù Kẹta ọdún 2000. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa kọjá ọdún méjì tí wọ́n dá fún un. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2005, ohùn rẹ̀ dákẹ́. Wọ́n pè é títí, kò dáhùn. Wọ́n kéde pé ó ti kú, kálukú sì lọ síbi iṣẹ́ mìíràn.

Ní oṣù Kìíní 2018, Amẹ́ríkà gbé ẹrù àṣírí kan tí wọ́n pè ní Zuma lọ sókè, ìròyìn sì ń sọ pé nǹkan ti ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni Scott Tilley, tó ń gbé ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà, gbé àńtẹ́nà rẹ̀ kalẹ̀ nílé, ó ń wá Zuma. Kò rí Zuma. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà ó gbọ́ ohùn kan tí kò retí. Ó wo bí ohùn náà ṣe ń ga tó sì ń rẹ̀ sílẹ̀, bíi ti fèrè zémidjan wa ìjelòó, ó fi í wé ọ̀nà àwọn sátẹ́láìtì tó wà nínú àkójọ, ó sì bá ọ̀kan mu gẹ́lẹ́. IMAGE ni, òkú ọdún méjìlá tó ń sọ̀rọ̀. Ó fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín. NASA kọjú àwọn àńtẹ́nà tiwọn síbẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní wọ́n sì rí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, 166, nínú ohun tó ń sọ. Òun fúnra rẹ̀ ni. Inú àwọn onímọ̀ tó ti lo ọdún púpọ̀ lórí rẹ̀ dùn bí ẹni pé ọmọ wọn ti àjò dé. Kò pẹ́ tó bí wọ́n ṣe fẹ́: lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ohùn náà tún dákẹ́.

Ti ọdún 2019 tún gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ, Donald Trump tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà fi àwòrán kan síta lórí Twitter, ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Ìráànì ti bú gbàmù. Àwòrán náà mọ́ kedere ju èyí tí ayé ti rí rí lọ. Àwọn olùṣọ́ ọ̀run, lára wọn Marco Langbroek ará ilẹ̀ Họ́láǹdì, wo òjìji àwọn òpó inú àwòrán. Òjìji sọ wákàtí fún wọn, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń fi òjìji igi mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n. Bí àwòrán náà ṣe gbà dagun sọ igun tí wọ́n ti yà á. Wọ́n wá bi ara wọn pé sátẹ́láìtì wo ló wà ní igun yẹn ní wákàtí yẹn? Wọ́n ní ìdáhùn, nítorí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ láti ọdún mélòó kan: USA 224, sátẹ́láìtì amí tí Amẹ́ríkà gbé lọ sókè ní 2011, tí ọ̀nà rẹ̀ kò sí nínú àkójọ tí wọ́n fi ń han gbogbo ayé.

Ẹ ó sọ pé kí ló kàn wá nínú gbogbo èyí. Ó kàn wá nítorí ohun tó lọ sókè lè padà wálẹ̀, kì í sì í yan ilẹ̀ olówó.

Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 2020, Ṣáínà fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan, Long March 5B, gbé ẹrù lọ sókè. Ara rọ́kẹ́ẹ̀tì náà jábọ̀ wálẹ̀ ní ọjọ́ 11 láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀, ó sì gba orí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní abúlé Mahounou ní Côte d'Ivoire, àwọn ará ìlú rí irin gígùn kan tó tó bíi mítà méjìlá tó já bọ́ sílẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti rìn dé Àbíjàn mọ̀ pé ibẹ̀ kò jìnnà sí wa.

Èyí tó tún sún mọ́ ìsinsìnyí ni ti Kẹ́ńyà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 2024, òrùka irin kan já bọ́ sí abúlé Mukuku ní ẹkùn Makueni. Fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà méjì àbọ̀, ó wúwo tó nǹkan bíi 500 kílò. Iléeṣẹ́ òfurufú Kẹ́ńyà wá gbé e, wọ́n ní ara rọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Ti ta? Langbroek yẹn kan náà, tó jẹ́ ìmọ̀ ìwalẹ̀-pìtàn ló kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́, wo àkójọ ohun tó yẹ kó já bọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó rí ọ̀kan tó gba agbègbè náà kọjá: ẹ̀yà ara rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane ti ilẹ̀ Yúróòpù kan tó ti gbéra láti 2008. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni. Àwọn mìíràn ṣiyèméjì.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀. Àdéhùn àgbáyé ti 1972 sọ pé bí ohun tí orílẹ̀-èdè kan gbé lọ sókè bá já bọ́ tó sì ba nǹkan jẹ́ lórí ilẹ̀, orílẹ̀-èdè náà ni yóò san án, kò ní í sọ pé òun kò mọ̀ọ́mọ̀. Sátẹ́láìtì Soviet kan, Kosmos 954, tó gbé ẹ̀rọ nukiléà sínú, fọ́n ká sí àríwá Kánádà ní oṣù Kìíní 1978. Kánádà béèrè mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là tiwọn. Ní 1981 Soviet san mílíọ̀nù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ ó pè lẹ́jọ́ tí ẹ ò bá mọ ẹni tó ni irin? Ìbéèrè ìyá alágàrí dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ báyìí pé bí irin àjèjì kan bá já bọ́ sí oko yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Epo rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè jẹ́ májèlé. Ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, ẹ kọ wákàtí tó já bọ́ sílẹ̀ kíákíá kó tó di àríyànjiyàn, ẹ ya àwòrán rẹ̀ láti òkèèrè, ẹ pe ọlọ́pàá àti olórí ìlú. Ẹ má gbé e fún alágbẹ̀dẹ.

Kò yẹ ká sọ̀rọ̀ àwọn olùṣọ́ ọ̀run bí ẹni pé wọn kì í ṣìnà. Ní oṣù Kìíní 2022, Bill Gray, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣírò, kéde pé àgbá rọ́kẹ́ẹ̀tì kan máa kọ lu òṣùpá ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta. Ó ní ti iléeṣẹ́ SpaceX ni. Ìròyìn náà tàn ká gbogbo ayé. Ẹnìkan ní NASA kọ̀wé sí i pé rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń sọ yẹn kò tilẹ̀ gba tòsí òṣùpá kọjá rárá. Gray padà sínú ìwé rẹ̀, ó rí i pé ọdún 2015 ni òun ti fún nǹkan náà ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó jẹ́wọ́ ní gbangba nínú oṣù Kejì, ó ní rọ́kẹ́ẹ̀tì Ṣáínà tó gbéra ní 2014 ni. Ṣáínà ní kì í ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Arizona wo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n ní ti Ṣáínà ló jọ. Ọjọ́ tí Gray dá náà ló kọ lu òṣùpá. Ọ̀nà rẹ̀ kò tàsé, orúkọ ló tàsé. Àgùàlà àti ajá òṣùpá náà ni.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ níbí, kò ní í ná an lówó púpọ̀. Ilé Ìbùdó Òfurufú àgbáyé tí àwọn ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, tó wà ní nǹkan bíi 400 kìlómítà lókè, máa ń gba orí wa kọjá, ojú lásán ń rí i, ó sì máa ń mọ́lẹ̀ ju ìràwọ̀ lọ. Ojú ìwé Heavens-Above lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń sọ ìṣẹ́jú tó máa kọjá tí ẹ bá ti fi ìlú yín hàn án. Àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, Starlink ni wọ́n, àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló pariwo nígbà tí 60 àkọ́kọ́ gòkè ní oṣù Karùn-ún 2019. Fídíò tí Langbroek yà ní ìlú rẹ̀ ló kọ́kọ́ tàn ká. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àkókò tó dáa kò pọ̀: láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán sí bíi wákàtí kan àbọ̀ lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, àti irú àkókò bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọyẹ́ máa ń fi erùpẹ̀ bo ojú ọ̀run, òjò sì ní ìkùukùu tirẹ̀, ẹ ní láti ní sùúrù.

Àwa náà gun orí òrùlé ilé kan ní Kétu. A rí Ilé Ìbùdó Òfurufú kọjá ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Ogún ìṣẹ́jú àáyá ni aago wa fi yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sọ, aago fóònù wa ló jẹ̀bi. Lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan kékeré kan jáde láti àríwá, ó gba abẹ́ ìràwọ̀ kan kọjá lọ sí gúúsù. A kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀. A wá a nínú àkójọ tí a ní lọ́wọ́, a ò rí i.

Nígbà tí a tún pàdé ìyá alágàrí ní ibùdókọ̀, a ní ìyá, a ti rí èsì díẹ̀. A sọ fún un pé èyí tó mọ́lẹ̀ jù yẹn, Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Yúróòpù, Japan àti Kánádà ló jọ ni ín, ènìyàn ń gbé inú rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu, ó ní ṣé wọ́n ń rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀. A ní wọ́n ń rí jẹ, wọ́n ń gbé e lọ fún wọn. A tún sọ fún un nípa kékeré kejì.

“Ta ló ni ìyẹn?”

A ní a ò tíì mọ̀, ìyá. A nílò alẹ́ méjì mẹ́ta sí i. Ó wo òkè, ó ní òjò ti ń ṣú.